Eré ni ká pè é, ẹ jẹ́ ká fi "ìyára" sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ tá a máa lò fún sípíìdì nínú ìṣirò tá a fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ wa l'Ábújá níbí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ní "ìyára" ni ká lò, torí pé "eré" ti di ti tíátà àti ti ọmọdé tó ń ṣeré, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti gbè é. Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o, mi ò lè fara mọ́ ọn, inú ìdọ́gba yẹn fúnra ẹ̀ sì ni ìdí ẹ̀ wà.

Ìdọ́gba onílà tààrà tí gbogbo wa kọ́ níléèwé, y = mx + c, níbi tí x ti jẹ́ iye sẹ́kọ́ǹdì, tí y sì jẹ́ mítà téèyàn dé, nǹkan méjì ló yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: c ni ibi téèyàn ti gbéra, m ni iye mítà tó ń sá ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. "Yára" máa ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Tí mo bá ní "Ṣadé yára dé ju Kúnlé lọ", ṣé Ṣadé ló mọ eré sá jù ni àbí ó ti tètè kúrò nílé? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ká ní àwọn méjèèjì ń sáré ní pápá ìṣeré Moshood Abiola, wọ́n wá ní kí Ṣadé tó kéré lọ dúró sí mítà 30 níwájú. Ṣadé ń sá mítà 4 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, Kúnlé ń sá 6. Ti Ṣadé á jẹ́ y = 4x + 30, ti Kúnlé á jẹ́ y = 6x. Ibi tí wọ́n ti máa pàdé la ń wá, torí náà 6x = 4x + 30, ìyẹn 2x = 30, x jẹ́ 15. Kúnlé á lé e bá ní sẹ́kọ́ǹdì 15, lórí mítà 90. Tó bá jẹ́ mítà 100 ni wọ́n ń sá, Kúnlé ló máa gbégbá orókè, ṣùgbọ́n tí òpin bá wà ní mítà 80, Ṣadé á ti débẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì 12.5 nígbà tí Kúnlé á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní nǹkan bíi 13.3. Ṣadé ló yára dé, Kúnlé leré ẹ̀ pọ̀ jù. Tí tíṣà bá wá bi ọmọ pé ìyára ta ló pọ̀ jù, tọ́mọ náà sì ní ti Ṣadé ni, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà fún un ní òdo? Yorùbá tó gbọ́ nílé ló sọ yẹn o.

Àwọn eléré ìje gidi náà ń fi hàn wá. Ní Berlin, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ 2009, tí Usain Bolt sá mítà 100 ní sẹ́kọ́ǹdì 9.58, nígbà tí ìbọn dún, sẹ́kọ́ǹdì 0.146 ló fi gbéra, Tyson Gay 0.144, Asafa Powell 0.134. Àwọn méjèèjì yára gbéra jù ú lọ, síbẹ̀ 9.71 ni Gay fi parí, Powell 9.84. Kí la fẹ́ kọ síbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìyára la fi ń pe m?

Ní ti pé eré ti di ti tíátà, ṣé ẹ ò gbọ́ "eré àsápajúdé" lórí rédíò nígbàkigbà tí mọ́tò bá forí sọ ara wọn ni? Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Kubwa wá sí Berger á máa sọ fún dírẹ́bà pé "dín eré kù", àwọn Hausa tó wà nínú mọ́tò kan náà á ní "rage gudu", gudu yẹn náà sì leré sísá. Àwọn ọmọ wa tá a bí síbí gbọ́ gudu dáadáa, ó ń dùn mí gan-an pé àwọn míì ò gbọ́ eré, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ la sì tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Mi ò ní ká ju ìyára nù. Bolt ò sáré bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin: tẹ́ ẹ bá pín mítà 100 sí 9.58, ẹ máa rí nǹkan bíi mítà 10.44 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ṣùgbọ́n láàárín mítà 60 sí 80 ó ti kọjá 12. Tí eré bá ń pọ̀ sí i báyẹn, "yára sí i" là ń pariwo fẹ́ni tó ń sá a, torí náà ẹ jẹ́ ká fi "ìyárasí" pe ìyẹn, ká sì pe 10.44 ní eré ìpíndọ́gba, òun nìkan ni ìlà tààrà lè gbé.

Ó ku c. Ẹnì kan dábàá "ìbẹ̀rẹ̀", èmi fara mọ́ "ibi ìgbéra" torí mítà là ń kà níbẹ̀, kì í ṣe àkókò. Ẹ̀gbọ́n Kàdúná, ẹ bá wa wò ó, tẹ́ ẹ bá sì ní gbólóhùn kan tí "eré" ti máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí "yára" ṣe ṣe é lókè yẹn, ẹ kọ ọ́ síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.