Ìsádi kọ́, ilé olódi ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ìtàn fort (ilé tí wọ́n mọ odi yí ká, tí wọ́n sì kó ìbọn sí) àwọn Potogí ní Ouidah, ìlú etíkun ní Benin òní, ránṣẹ́ síbí pè é ní “ìsádi”. Wọ́n ní “sá” àti “odi” ló wọnú ara wọn, bí “dá” àti “ọjọ́” ṣe di “dájọ́”. Mo júbà ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n èyí há mi lọ́fun.

Ṣebí “Ìwọ ni mo sá di” là ń sọ nínú àdúrà? Bí odi bá wà níbẹ̀ ni, “Ìwọ ni mo sá odi rẹ” ni à bá máa wí, bí a ṣe ń wí pé “Ìwọ ni mo rí ilé rẹ”. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àgbà? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni “di” yẹn. Kò sí odi kankan nínú rẹ̀.

Ká tilẹ̀ fi gírámà sílẹ̀: ta ló sá di ibẹ̀? 1721 ni wọ́n kọ́ fort náà, São João Baptista de Ajudá (“Ajudá” ni Potogí ń pe Ouidah), orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì fi sọ ilé títa ènìyàn! Àwọn Ànàgó tiwa, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tí wọ́n ń kó gba Ouidah lọ sí Bahia ní Brazil, tábà wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà wọ́n. Ẹni tí a dè lókùn kò sá di ibì kankan. Àwọn Potogí gan-an ńkọ́? Ìjọba ọba Dàhòmì gba ìlú náà ní 1727, ó sì ba fort ọ̀hún jẹ́ ní 1743. Yovogan, ìjòyè ọba, ló ń ṣọ́ wọn, àtàwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí tiwọn wà nítòsí. Ní 1961 tí orílẹ̀-èdè Dàhòmì tó ti gba òmìnira (Benin òní) ní kí wọ́n kó jáde, aṣojú Potogí dáná sun ún kó tó lọ. Ìsádi tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ sun!

“Olódi” ti wà nílẹ̀. “Ìlú olódi” kún inú Bíbélì. Odi Ibíkúnlé ni ti Ìbàdàn, Kétu náà ní odi àti yàrà (kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká) tirẹ̀ kí Dàhòmì tó fọ́ ọ ní 1886. Ẹnìkan ní ìlú ló ń ní odi, ilé kì í ní in. Ilé tí wọ́n mọ odi yí ká, tí wọ́n to ìbọn àgbá sí, kí la fẹ́ pè é? Ilé olódi.

Ẹ̀gbọ́n tún fi kún un pé inú “Ajudá” ni “Àgùdà”, tí a fi ń pe àwọn Kátólíìkì àti àwọn tó ti Brazil padà, ti wá. Potogí ń tẹ ìparí “Ajudá”, èyí tí etí wa ń gbọ́ bí ohùn òkè; ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni tiwa. Ibo ni ohùn òkè yẹn wọlé sí? Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn hàn mí tí “j” Potogí ti di “g” lẹ́nu wa. Mo ti bèèrè èyí níbí rí, ẹnikẹ́ni ò fèsì.