"Grave" ibojì àti "grave" ọ̀rọ̀ líle, ṣé ọ̀kan náà ni?

ỌmọKétu: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ọmọ mi ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó ní ṣé "grave" tó jẹ́ ibojì náà ni wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ le, ẹnu mi wọhò. "Solemn", ohun tí a fi ọ̀wọ̀ ṣe láìsí àwàdà, òun ńkọ́?

Ìyá Àjàṣẹ́: Rárá o, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ibojì, gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ó bá ilẹ̀ gbígbẹ́ tan. Èkejì wá látinú Látìn, gravis, "ó wúwo", ọ̀dọ̀ faransé ló gbà wọlé. Àwa náà ṣáà ń sọ pé ọ̀rọ̀ wúwo.

Ará Sábẹ̀: "Solemn" bá "solennel" faransé tan, sollemnis ni Látìn, ètò ẹ̀sìn tó ní àsìkò tiẹ̀. Wọn kì í pe n ìparí yẹn o, èmi pè é ní kíláàsì, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí a fi jáde.

ỌmọKétu: Haa, ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà.