Ìfọwọ́sí CARF fún ibùgbé àwọn àgbà ní Maryland: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Àdùnní_MD:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ìtọ́jú àgbà. Ibùgbé tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo: àwọn tó ṣì ń ṣe nǹkan fúnra wọn, àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́ láti wẹ̀ àti láti wọṣọ, àti ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ olùdarí ní ká lọ gba ìfọwọ́sí CARF, àjọ aládàáni tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò tó sì ń fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ wa pé, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì sì ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́dọ̀ Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbà. Kí ni CARF máa wò tí àwọn yẹn ò wò? Ibo sì ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yẹ̀?

BàbáÌlànà:
Ẹ kúuṣẹ́ mà. Dandan ni ìwé àṣẹ. Department of Aging ló ń mójú tó àdéhùn àti ìnáwó irú ibùgbé yín ní Maryland. Office of Health Care Quality ló ń yẹ ẹ̀ka kejì àti ẹ̀kẹta wò. Ìràwọ̀ Medicare ní tiẹ̀, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì nìkan ló kàn. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọn olùgbé yòókù. Àyẹ̀wò ìlera tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìràwọ̀ náà tún jẹ́ ìdíje láàárín ìpínlẹ̀: ìdá 10 nínú 100 tó ṣe dáadáa jù ló ń gba márùn-ún, ìdá 20 tó kẹ́yìn ń gba ẹyọ kan.

Ẹni tó bá wù ló ń gba ti CARF. Láti 1985 ni àjọ mìíràn, CCAC, ti ń fọwọ́ sí irú ibùgbé yín. CARF gbà á mọ́ra ní 2003. Ọdún 5 ni ìfọwọ́sí gbogbo ọgbà lápapọ̀. Àwọn tó ń darí irú ilé yín níbòmíràn ni wọ́n máa ń rán wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè tàn wọ́n. Wọ́n á bi yín pé, kí lẹ rí kọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, kí lẹ sì yí padà?

Ẹ gbọ́dọ̀ ti máa tẹ̀ lé ìlànà fún oṣù 6 ó kéré tán kí wọ́n tó dé. Ẹ ra ìwé ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ (ọjọ́ 1 oṣù keje ni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀). Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti fáìlì tó wà. Níbi tí ẹ ò bá ti rí orúkọ kọ, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Lẹ́yìn ìdájọ́ CARF, ẹ ní ọjọ́ 90 láti fi ètò àtúnṣe ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ìjábọ̀ kan lọ́dọọdún.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ìdánrawò pàjáwìrì ló ń mú àwọn ènìyàn jù. Oríṣi mẹ́fà ni: iná, ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù, àjálù àdánidá, àìsí iná mànàmáná tàbí omi, àìsàn òjijì, àti ìwà ipá. Ẹ máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ní ojúkò kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ní ṣíìfù mẹ́ta, 18 nìyẹn lọ́dún. Tí ọ́fíìsì yín kan bá wà ní òdìkejì títì, ó lè jẹ́ ojúkò tiẹ̀, ẹ béèrè kó tó di wàhálà.

Ẹ óò rí fáìlì tí gbogbo ìdánrawò inú rẹ̀ wáyé ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ óò rí èyí tí wọ́n kọ "ó lọ dáadáa" sí níbi tó yẹ kí ìtúpalẹ̀ wà. Ìyẹn kì í ṣe ìtúpalẹ̀ rárá. Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́: "Ìṣẹ́jú 4 kọjá ká tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀. A fi ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ṣíìfù. A tún un dánwò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ó di ìṣẹ́jú 1." Fún ìdánrawò àìsí iná, ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ ọ́síjìn, fíríìjì ínsúlìn àti ẹni tó há sínú ẹ̀rọ àgbégòkè.

Àyẹ̀wò ààbò tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan; ti ará ìta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Òru lẹ máa mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n fi àga dá dúró àti gílóòbù tó ti kú lójú ọ̀nà.

OníṣiròTX:
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó sẹ́yìn o. Ẹni tó san owó àwọlé (owó ńlá tí olùgbé ń san kó tó kó wọlé) tó sì gba àdéhùn Type A, èyí tí ìtọ́jú ọjọ́ iwájú wà nínú rẹ̀, ti san owó ìtọ́jú náà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí CARF fi ń tú ìwé ìṣirò wò.

Ọjọ́ mélòó lẹ lè fi owó ọwọ́ gbé ilé ró? Ẹ mú ìnáwó ọdún, ẹ yọ iye tí ẹ kọ fún gbígbó ilé àti irinṣẹ́, ẹ pín in sí 365, ẹ wá fi ìyẹn pín owó tí kò ní ìdè. Ilé tó ń ná mílíọ̀nù 22 dọ́là, tí mílíọ̀nù 2 nínú rẹ̀ jẹ́ gbígbó, tó ní mílíọ̀nù 12 lọ́wọ́, ọjọ́ 219 ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: wọ́n á ka owó tí olùfúnni ti so mọ́ iṣẹ́ kan mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo èrè iṣẹ́ ojoojúmọ́ láìka owó àwọlé, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú owó àwọlé tuntun, lẹ́yìn yíyọ èyí tí ẹ dá padà. Tí ti àkọ́kọ́ bá wà nísàlẹ̀ òdo, tí ìkejì wà lókè, owó àwọn tó ń wọlé lẹ fi ń tọ́jú àwọn tó wà nílé. Ilé tí Type A pọ̀ níbẹ̀ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bí ilé bá ṣófo fún oṣù mélòó kan.

Èrò tèmi: tí ìgbìmọ̀ kò bá ní yọ̀ǹda ẹnì kan pàtó fún iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sún un síwájú.

Àdùnní_MD:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìdánrawò iná ní òru ńkọ́? Ṣé a máa jí àwọn àgbà ni?

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Rárá o. CARF gba kíkó jáde gidi tàbí àfarawé; òṣìṣẹ́ lè jókòó sí kẹ̀kẹ́ bí olùgbé. Ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, òfin ààbò iná NFPA 101 ti ní kẹ́ ẹ ṣe ti iná lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà kẹ́ ẹ lo ọ̀rọ̀ àṣírí dípò agogo láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀. Ẹ lè lo àkọsílẹ̀ kan náà fún CARF, tí ìtúpalẹ̀ bá ti wà nínú rẹ̀.