Dúróònù fún oko kòkó: kí la lè rí kọ́ lára páténtì àwọn Wright?

Ẹ̀rọ_Lágẹrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Dúróònù tó ń fọ́n oògùn sóko kòkó là ń ṣe n'Ífẹ̀ níbí, a sì fẹ́ gba páténtì (ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí èèyàn ṣẹ̀dá). Ní 1903, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìwé páténtì tí àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì fò, fọwọ́ ara wọn kọ padà. Ìgbà tí lọ́yà Harry Toulmin dá sí i ló tó wọlé. Kí ló ṣe?

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì: Kò kọ ọ́ sórí ẹ́ńjìnnì rárá. Ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi fò ní 1902 ló gbé ìwé náà kà. Ohun tó gbà fún wọn ni ọ̀nà ìdarí: okùn á lọ́ ìyẹ́ ọ̀tún àti tòsì ní ìdàkejì ara wọn. Èyí tó gbójú sókè á ga, àmọ́ atẹ́gùn á tún fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ á wá kọjú síbi tí awakọ̀ ò fẹ́. Ìrù tó dúró gangan ló ń tọ́ ìyẹn. Páténtì 821,393 nìyẹn, 22 May 1906. Toulmin ò so ọ́ mọ́ okùn nìkan, ìdí nìyẹn tí pátákó kékeré tí Curtiss, tóun náà ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, fi sétí ìyẹ́ tirẹ̀ ò fi yọ ọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Wright láre ní 1914.

Ẹ̀yin náà, ẹ má kọ "dúróònù tó ń fọ́n oògùn", ìyẹn ti wà. Tó bá jẹ́ bí oògùn ò ṣe ní máa mì nínú tánkì nígbà tí ọkọ̀ bá yí ni tiyín, ẹ kọ iṣẹ́ tí ohun inú tánkì ń ṣe, kì í ṣe irú ike tí ẹ fi ṣe é.

Lọ́yà_Mọ́remí: Ẹ fi ti Jámánì kún un. Ní 1912 wọ́n fagi lé páténtì àwọn Wright níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní gbangba kí ìwé tó wọlé. Òfin tiwa náà le lórí ìyẹn. Àfihàn àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló yọ, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ kí ìwé yín tó wọlé.

Abuja lẹ ó fìwé sí: àlàyé kíkún, àwòrán, àti ibi tí ẹ ti sọ pàtó ohun tó jẹ́ tiyín. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tuntun lóòótọ́, nítorí náà ìwé tó jáde ṣì lè wó ní kóòtù. Ọdún 20 ni, bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún.

Ẹ̀rọ_Lágẹrẹ: Ẹ ṣé gan-an. Fídíò tó ti wà lórí Facebook ńkọ́?

Lọ́yà_Mọ́remí: Ṣé inú tánkì hàn? Bí kò bá hàn, tí ẹ ò sì ṣàlàyé rẹ̀, ẹ ṣì lè fìwé sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì tà á fẹ́nikẹ́ni; ẹni tó bá rà á lè tú u wò.