Màmá mi ò gbà pé Ọlọ́run ti dárí ji àwọn

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìjọ Áńgílíkà ni màmá mi ń lọ ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọn kì í pa ìsìn jẹ, àmọ́ tí wọ́n bá ti pe èèyàn síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, wọn ò ní dìde. Àbúrò wọn ló kú nígbà tí ìjà ilẹ̀ ṣì wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ olóògbé ti ní ó ti tán. Àlùfáà ka 1 Jòhánù 1:9 fún wọn, pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run á dárí jì í. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n tún gba ààwẹ̀ mìíràn, tàwọn ti ẹ̀jẹ̀ ríru! Wòlíì kan sì ń gbowó ètùtù lọ́wọ́ wọn (èyí ló ń bí mi nínú jù).

Mo rán wọn létí Pétérù tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, tí Jésù ṣì fi àgùntàn Rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní Pétérù ṣáà tún fojú kan ẹni tó ṣẹ̀. Níbo làwọn ti fẹ́ rí àbúrò àwọn? Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí, kí lẹ sọ fún àgbà yín tó wọ̀ wọ́n létí? Ẹ má kàn ní kí n máa gbàdúrà o, mò ń gbà á.