Báwo la ṣe lè kọ òfin tó ká èébú lọ́wọ́ kò láìpa àríwísí lẹ́nu mọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ òfin ẹgbẹ́ rí, ẹ gbà wá. Onírúurú ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ló wà nínú ẹgbẹ́ wa tí à ń kọ òfin fún, abala èébú ló sì dá wa dúró.

A kọ́kọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ tí a kà léèwọ̀. Kò ṣiṣẹ́: ẹni tó fẹ́ búni a fi ọ̀rọ̀ tútù búni, ẹni tí wọ́n bú a sì jẹ̀bi tó bá tún èébú náà sọ níbi tó ti ń fẹjọ́ sùn. A wá kọ "ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tó bá bí ẹnikẹ́ni nínú". Èyí tún burú jù: ẹni tó tètè ń bínú ló di adájọ́, àwọn tó fẹ́ béèrè nípa owó ẹgbẹ́ sì panu mọ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ká mi lára jù.

Mo ti wo Ìlànà Rabat ti ọdún 2012, èyí tí àwọn amòye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) kó jọ ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ó ní ká wo àyíká ọ̀rọ̀, ipò ẹni tó sọ ọ́, èrò ọkàn rẹ̀, ohun tó sọ àti bó ṣe sọ ọ́, bó ṣe tàn tó, àti bó ṣe ṣeé ṣe tó kó fa ìpalára. Ṣùgbọ́n ìkórìíra tó tó fi òfin ọ̀daràn mú ni wọ́n ṣe é fún. Èébú inú ìpàdé kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo lẹ fi sínú òfin ẹgbẹ́ kékeré? Gbólóhùn wo gan-an lẹ kọ tó fi ya "ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn yín kò bọ́gbọ́n mu" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọ̀dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́sìn yìí"?