Ọdún ìfò àbí ọdún eléènì?

Láti Ìkòròdú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tí a ń ṣe lọ́wọ́, mo kọ "ọdún ìfò" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "leap year", ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ bá ní ọjọ́ 29. Ìtumọ̀ tí mo fi sí i ni pé "ọdún kẹrin-kẹrin ni ó máa ń wáyé". Ẹni tó bá ní àtakò, kó tètè sọ ọ́ kí n tó pa ìwé dé.

Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ní àléébù, ìtumọ̀ tí ẹ wá fi sí i tún burú jù ú lọ.

Ká mú ọ̀rọ̀ náà ná. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a bá fò, a ò kà á mọ́ ni. Ọmọ tó fo kíláàsì kan kò jókòó níbẹ̀ rárá. Ẹni tó fo ojú ìwé kan kò kà á. Bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ "ọdún ìfò", á ní wọ́n yọ ọjọ́ kan kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fífi kún un ni wọ́n fi kún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tó ń fò ní tiwọn. Ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan, ìyẹn ni déètì kan ṣe máa ń sún ọjọ́ kan síwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022 bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ti 2023 bọ́ sí Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ti 2024 ò dúró ní Ọjọ́bọ̀, Ẹtì ló balẹ̀ sí. Déètì ló fò. Àwa gba ìfò lọ́wọ́ wọn, a ò gba ohun tó fò.

"Ọdún" fúnra rẹ̀ ò tún dúró sójú kan. Ẹ ní "ọdún ń bọ̀" ní Ẹ̀pẹ́ níbí, wọ́n á bi yín pé ọdún wo: Iléyá ni, àbí Káyókáyó, tí àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbí lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851? Létí wọn, ọdún ìfò ni ọdún tí wọn ò ṣe.

Ó wá ku "kẹrin-kẹrin", òun gan-an ló ń já mi láyà. Yorùbá àtijọ́ máa ń ka ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Òní ni ìkíní, àná ìkejì, ìjẹta ìkẹta. Ẹ̀ta tó wà nínú ìjẹta nìyẹn. Bí ìdúnta ṣe rí náà nìyẹn. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á tún ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Márùn-ún la pè é, mẹ́rin ni àlàfo rẹ̀. Ìtàdógún náà, ẹ̀ta dín ní ogún, 17 nìyẹn lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 16 ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. (Àwọn tó ń fi ìtàdógún pe ọ̀sẹ̀ méjì géérégé, ọjọ́ tiwọn ń bọ̀ lọ́tọ̀.)

Ẹ wo ọgbà tí a rì ní òpó márùn-ún: àlàfo mẹ́rin ló ní. Àwọn bàbá wa ń ka òpó, kàlẹ́ńdà ara ògiri ń ka àlàfo. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, fọwọ́ kan èyí nígbà tó ń ṣàlàyé ohun tí ìgbà jẹ́. Ó ní òǹkà ìṣípòpadà ni ìgbà, ní ti èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, àti pé "ìsinsìnyí" kì í ṣe ara ìgbà, ààlà ni, ó ń pín èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀ níyà. Òpó ọgbà ni "ìsinsìnyí" rẹ̀.

Ẹ wá fi òǹkà òpó ka "kẹrin-kẹrin" láti 2020: 2020 ni ìkíní, 2023 ni ìkẹrin. A ti ṣìnà. Àwọn ará Róòmù ṣi irú ọ̀nà yìí gan-an. Julius Caesar, tó ń ṣàkóso Róòmù, gba ìmọ̀ràn Sosigenes, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Alẹkisáńdíríà, ó fa ọdún 46 ṣáájú ìbí Kristi gùn dé ọjọ́ 445 kí kàlẹ́ńdà lè bá oòrùn mu, kàlẹ́ńdà tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 45. Àṣẹ rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún gbogbo ọdún kẹrin. Wọ́n pa á ní ọdún 44. Àwọn àlùfáà tí òǹkà wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe òpè. Òpó ni èdè wọn náà ń kà: ọjà tí wọ́n ń pè ní mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́jọ ni àlàfo rẹ̀. Wọ́n bá ń fi ọjọ́ náà sí ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ọdún 36 tó pé, wọ́n ti fi ọjọ́ 12 kún un dípò 9. Augustus, olú-ọba Róòmù, ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n má fi ohunkóhun kún un mọ́ fún ọdún 12, kí gbèsè yẹn lè tán.

Nítorí náà, ẹ yọ "kẹrin-kẹrin" kúrò. Ẹ kọ ọ́ pé "ọdún tí a fi 4 pín tí kò ṣẹ́ku". Ẹ sì pè é ní ọdún eléènì. Ọjọ́ 29 oṣù kejì ni ọjọ́ èènì. Kì í ṣe "ọdún èènì", torí ọdún kọ́ ni èènì, òun ló ni ín.

Láti Àgbádárìgì

Mo kí yín o. Èènì dùn létí, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni èènì. Ta ló fún ayé ní ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́? Ọdún kọ̀ọ̀kan ló dá nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, a wá kó o ní ọdún kẹrin. Àjọ nìyẹn. Mo dábàá "ọdún àjọ". Bí a bá sì fẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń sọ lọ́jà, ṣé kì í ṣe "jàrá" ni?

Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àjọ dára fún àlàyé, mo máa fi kọ́ ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ pe "ọdún àjọ" sókè kí ẹ gbọ́ ọ: ọdún tí ẹgbẹ́ kan ń ṣe ló máa ń dún bí. Jàrá kò burú ní tiẹ̀, èènì ló kàn ti wà nínú èdè tipẹ́.

Pé èènì jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń wọn gàárì. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú díẹ̀. Ó bù ú kún, ó fi ọwọ́ kejì gba etí rẹ̀, ó kó o jọ títí ó fi ṣe ṣóńṣó, ó dà á sínú ọ̀rá yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ẹ dúpẹ́. Ibo ni ẹ̀kúnwọ́ yẹn ti wá? Láti ìdí kóńgò tó wọnú ni. Ohun tí wọ́n dín kù nínú kóńgò mẹ́rin ni wọ́n kó fún yín padà.

Bí ọdún ṣe ń wọn ọjọ́ fún wa nìyẹn. 365 tó ń wọ̀n fi wákàtí 5, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú àáyá 46 dín sí ohun tí oòrùn gbà. Ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wákàtí 23, ìṣẹ́jú 15 àti àáyá 4 ló jẹ wá. Wákàtí 24 ló wá san. Ọwọ́ rẹ̀ tú! Ìṣẹ́jú 45 ló fi lé, àfi àáyá 4. Ní ọdún 400, àlékún yìí á lé díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gba mẹ́ta padà: 1700, 1800 àti 1900 kò ní èènì, 2000 ní in, 2100 kò ní ní in. Oníbàárà á béèrè, wọn ò ní fún un.

Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n wọ̀n báyìí, nǹkan ti bàjẹ́ débi pé ní 1582, Póòpù Gregory kẹtàlá mú kí Ẹtì 15 oṣù kẹwàá tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fò. Ìlú ọba dúró di 1752 kí wọ́n tó fo mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ fi "ọdún ìfò" yín fún 1582 àti 1752, ó bá wọn mu rẹ́gí.

Ohun mìíràn tí mo fi fẹ́ èènì ni pé ó ń bímọ. Kàlẹ́ńdà àwọn Júù ní ọdún méje nínú 19 tí wọ́n ń fi odindi oṣù kún: oṣù èènì. Kàlẹ́ńdà Ìsìláàmù tí wọ́n ń fi ìṣirò ṣe, tí kì í ṣe ti wíwo oṣù, ní ọdún 11 nínú 30 tó jẹ́ ọjọ́ 355 dípò 354, òpin oṣù tó kẹ́yìn ni ọjọ́ èènì tiwọn ń wà. Ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ń fi kún aago àgbáyé láti 1972 náà, ìgbà 27 ni wọ́n ti ṣe é, 2016 ló kẹ́yìn: àáyá èènì. Ẹ fi ìfò dán gbogbo wọn wò kí ẹ rí i.

Láti Ìkòròdú

Àbúrò, mo gbà. Ọdún eléènì wọlé, ọdún ìfò kó lọ sí 1582. Mo ti fi gbólóhùn nípa ọgọ́rùn-ún kún ìtumọ̀ náà: èyí tí a bá fi 100 pín tí kò ṣẹ́ku kò ní èènì, àfi bí 400 náà bá pín in.

Ẹ wá bá mi wá orúkọ fún èyí. Ẹ ṣí Excel sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ 60 sínú àpótí kan, kí ẹ ní kó fi hàn bíi déètì. 29 oṣù kejì 1900 ló máa gbé jáde. Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Excel, ló kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yẹn, Excel mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kọ́rùn kí iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ti fi tọ̀hún ṣe má baà bàjẹ́. Èènì tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí ìyá oníṣòwò ò bù fún ẹnikẹ́ni: kí la ó pè é?